Sọ fún Tinúkẹ́ pé Iṣẹ́ Ti Bọ́

Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì.

Káyọ̀dé, àkọ́bí mi,

Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tẹ́lẹ̀, mo fà á ya, mo tún bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé àlàáfíà rẹ ló yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ béèrè ohun tí mo mọ̀ pé kò sí? Jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ kí àyà mi lè fúyẹ́: mo ti gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Má bínú sí ẹni tó sọ fún mi, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Lọ́jọ́ Àìkú, bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá kan tí ọmọ tirẹ̀ náà wà ní iléeṣẹ́ yín n'Íbàdàn dì mọ́ mi. Ó ní, "Màmá Káyọ̀dé, ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà mìíràn fún àwọn ọmọ wa." Mo ti ṣe "Àmín" kí n tó bi ara mi pé kí ni mò ń ṣe àmín sí. Ojú tì mí láti bi ẹlòmíràn léèrè ohun tó ṣe ọmọ mi, ni mo bá ń mi orí bíi pé mo ti mọ̀ tipẹ́. Òun náà ló tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: pé wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, pé gbogbo ẹni tó wà ní sítọ́ọ̀ ni wọ́n ní kó máa lọ sílé, pé ó ti lé lóṣù kan. Ó lé lóṣù kan, Káyọ̀dé!

Mo délé, mi ò tíì tú gèlè, mo pè ọ́. Mo ní, "Iṣẹ́ ńkọ́?" O ní, "Iṣẹ́ ń lọ, Màmá. Ẹrù tuntun ló ń wọlé lọ́la, ó máa rẹ̀ wá díẹ̀." O sọ ọ́ geere, ahọ́n rẹ ò kọsẹ̀ rárá. Mo ní kí Ọlọ́run fún ọ lókun, mo gbé fóònù sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìdí mi ò gbé àga. Àgbàlá tí mo ti gbá, mo tún ń gbá a. Mo gbé ẹ̀wà kaná, ó jó. Màá dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà, màá dúró síbẹ̀, màá sì gbàgbé ohun tí mo wá ṣe.

Èyí tó wá dá kún un ni pé Tinúkẹ́ pè mí lọ́jọ́rú. Ẹkún ló ń sun. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi bá Dádì Ìní sọ̀rọ̀. Wọn kì í jẹun mọ́. Wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, wọ́n á jáde, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó wọlé. Tí mo bá béèrè, wọ́n á ní iṣẹ́ pọ̀. Lánàá mo kàn fọwọ́ kan fóònù wọn, wọ́n já a gbà lọ́wọ́ mi. Màmá, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ṣé obìnrin ló wà níta ni?"

Ṣé o rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbà lọ? Iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ, àmọ́ ní ojú ìyàwó rẹ, ìwọ gan-an lo ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Mo sọ fún un pé mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kankan, kó fọkàn balẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n mi ò sọ gbogbo òótọ́, ó sì ń gún mi láyà títí di ìsinsìnyí. Ìdí rẹ̀ tí mo fi kọ̀wé nìyẹn. Lórí fóònù, o máa ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, wàá sì pa á. Lẹ́tà ò ṣeé pa lẹ́nu. Màmá Fọlákẹ́ ará iwájú ilé wa ń bọ̀ wá kí ọmọ rẹ̀ n'Íbàdàn lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní kó dé ilé yín, kó fi lé ìwọ fúnra rẹ lọ́wọ́.

Ọkọ mi, èkíní nínú ọ̀rọ̀ mi ni pé kì í ṣe orí rẹ ni irú èyí ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé yìí. Akọ̀wé iléèwé gírámà ní Ìjan lẹ̀yin ọmọ mọ bàbá yín sí. Ẹ ò mọ ohun tó ṣíwájú rẹ̀, àwa náà ò sọ ọ́ fún yín. Ilé ìtẹ̀wé kan nílùú yìí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó dé Ìjan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń to lẹ́tà ìwé jọ nígbà náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá rẹ sì mọ̀ ọ́n tò débi pé wọ́n lè máa bá èèyàn ṣàwàdà kí ọwọ́ wọn máa bá iṣẹ́ lọ. Ọmọkùnrin ará Ìyìn kan, Sámúẹ́lì, ló kọ́ṣẹ́ lábẹ́ wọn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ní òun ò nílò ẹni tí ń to lẹ́tà mọ́. Wọ́n fi Sámúẹ́lì sílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ọmọdé ni, yóò tètè mọ ẹ̀rọ tuntun. Wọ́n ní kí bàbá rẹ máa lọ.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wọlé. Wọ́n jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà, wọn ò bọ́ bàtà. Mo ní, "Ṣé kò sí?" Wọ́n ní, "Uṣẹ́ ti bọ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. O mọ bí bàbá rẹ ṣe fẹ́ràn Yorùbá àjùmọ̀sọ tó. Tí o bá ti gbọ́ "uṣẹ́" lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ náà ti dé egungun.

Ara wọn ò lélẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n á jí, wọ́n á rìn láti Òkè-Ìlá títí dé ọ̀nà Ìyìn, wọ́n á rìn padà. Wọ́n ní àwọn ń wá iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń rìn. Wọ́n á dé, orí á máa fọ́ wọn, wọ́n á lo oògùn, wọ́n á kọ oúnjẹ. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n ń fa omi ní kànga, mo kàn gbọ́ ìró ike tó padà já sínú omi. Kí n tó dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ara kànga, ojú wọn ń wo ibi tí ẹnikẹ́ni ò sí. Èmi àti aládùúgbò la gbé wọn dé ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n bá lára wọn. Dókítà ní, "Bàbá, kí ló wà lọ́kàn yín?" Wọ́n ní, "Kò sí nǹkan." Dókítà wò mí, èmi náà wo ilẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Ọlọ́run, lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ. Àìsàn yìí mọ ọ̀nà ìdílé. Jẹun. Tí oúnjẹ ò bá lọ, mu ẹ̀kọ. Má lo oògùn oorun tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ bá fún ọ. Rìn tí ara rẹ bá ń fẹ́ kí o rìn, ṣùgbọ́n mọ ibi tí ò ń lọ, kí o sì sọ ọ́ nílé.

Èkejì: ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní iṣẹ́ fún ọ, àmọ́ kí o kọ́kọ́ sanwó fọ́ọ̀mù tàbí owó ẹnu ọ̀nà, olè ni. Ì báà wọ kóòtù, ì báà di Bíbélì mú. Ẹni tó ń rì sómi ni àwọn yẹn ń wá kiri, torí pé ohunkóhun ló lè dì mú. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ilé tẹ́tẹ́ tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń kóra jọ sí tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù. Má dé ibẹ̀. Mi ò sọ pé o dé ibẹ̀ o. Mo kàn ń bi ara mi pé níbo ni ò ń jókòó sí láti àárọ̀ di alẹ́, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí Tinúkẹ́ lọ̀ fún ọ.

Mo dìde díẹ̀. Fóònù ló dún, Tinúkẹ́ ni. Mo dúró lórí rẹ̀, mò ń wo orúkọ rẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Mi ò gbé e. Kí ni màá sọ?

Níbo ni mo ti dé? Ó kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kékeré. Nígbà tí ara bàbá rẹ yá díẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi tó wà ní Ìjan ní kí wọ́n wá gba ilẹ̀ lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́. Wọ́n bínú. Wọ́n ní, "Ṣé torí oko ni mo ṣe kàwé?" Mi ò bá wọn jà, mo ń ṣe iṣẹ́ tíṣà mi lọ, owó oṣù kì í sì í wọlé déédéé nígbà náà. Ìgbà tó yá, tí wọ́n rí i pé gààrí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ìkòkò, wọ́n lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bọ̀ọ̀dá mi ní bí wọ́n ṣe ń gbá ọkọ́ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí ìgbà tí èèyàn ń jà ni. Ó ní, "Ẹ rọra o, ẹ̀yin àna mi, ilẹ̀ yìí ò ṣẹ̀ yín." Wọ́n dé sílé, àtẹ́lẹwọ́ ti bó. Wọ́n jẹ iyán, wọ́n ní kí n bu sí i, wọ́n sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hanrun. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Oko ò sọ wọ́n di olówó. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìgbà tí ọwọ́ rí nǹkan ṣe, ọkàn náà rí ibi jókòó sí. O ní lẹ́sẹ́nsì ọkọ̀, o mọ bí wọ́n ṣe ń to ọjà, orí rẹ pé nínú ìṣirò. Gba èyí tó bá kọ́kọ́ yọjú tí kò bá lẹ́bi nínú, kí o máa wá èyí tí ò ń fẹ́ látibẹ̀. Kò sí ẹni tó máa kọ ọ́ sí ọ níwájú orí pé torí o ti ṣe sítọ́kípà rí, iṣẹ́ mìíràn ò gbọdọ̀ kàn ọ́.

Ẹ̀kẹta, àbí ẹ̀kẹrin, mi ò mọ èyí tí mo kà dé mọ́. Òun gan-an ló gbé mi dìde kọ̀wé. Fetí sí i dáadáa.

Ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ, Sámúẹ́lì ń wá kí wọn. Wọn ò fẹ́ rí i. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, wọ́n á wọ yàrá, wọ́n á fọwọ́ júwe sí mi pé àwọn ò sí nílé. Èmi náà á sì sọ bẹ́ẹ̀. Màá wo ojú ọmọ ọlọ́mọ, màá ní, "Wọ́n jáde," nígbà tí sálúbàtà wọn wà lẹ́nu ọ̀nà. Sámúẹ́lì á wo sálúbàtà náà, á kí mi, á lọ. Kò já mi nírọ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ó tún dé lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Láti Ìyìn ló ti gun kẹ̀kẹ́ wá, omi ń kán lára rẹ̀ bí ẹni tó jáde nínú odò. Ó ní, "Màmá, ṣé ọ̀gá wà nílé?" Mo la ẹnu, irọ́ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Mo wo ọmọ yìí bó ṣe ń gbọ̀n, mo sì rí i pé mi ò lè sọ ọ́ mọ́.

Mo ní, "Wọ́n wà ní yàrá. Wọlé."

Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún nínú yàrá. Sámúẹ́lì ṣí kọ́tìnnì, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní, "Ọ̀gá, tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ fún mi."

Bàbá rẹ ní, "O ò ṣẹ̀ mí."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń sá fún mi?"

Wọ́n ní, "Ojú ló ń tì mí, Sámúẹ́lì. Ìwọ tí mo kọ́ ló wà níbẹ̀. Èmi ni wọ́n lé." Omi bọ́ lójú wọn. Mi ò rí i kí bàbá rẹ sunkún rí, àní nígbà tí ìyá wọn kú. Mo yíjú sẹ́yìn, torí mo mọ̀ pé wọn ò ní fẹ́ kí n wò wọ́n.

Sámúẹ́lì dìde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ ni mo bá wá. Láti ìgbà tí mo ti ń wá, iṣẹ́ ni mo ń bá bọ̀. Iléèwé gírámà kan ní Ìjan tó ń kó ìwé ìdánwò wá sọ́dọ̀ wa, akọ̀wé wọn ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó mọ̀ nípa ìwé títẹ̀ ni wọ́n ń wá. Mo ti dárúkọ yín fún ọ̀gá àgbà iléèwé náà, wọ́n ní kí n mú yín wá. Wọ́n ti ń retí yín títí. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún Màmá lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n mo ní kí n má tú àṣírí yín níta."

Inú òjò yẹn náà ni àwọn méjèèjì bá dé Ìjan. Kò dùn tán o. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọ̀gá àgbà ti ṣèlérí àyè náà fún ẹlòmíràn. Bàbá rẹ padà dé, wọ́n tún jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà, mo rò pé a tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹun. Lọ́jọ́ kejì wọ́n padà lọ, wọ́n ní kí ọ̀gá àgbà jẹ́ kí àwọn máa bá wọn tẹ ìwé ìdánwò ní sáà náà nìkan. Sáà kan di òmíràn. Ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún ò dúró pẹ́, ó rí iṣẹ́ sí Àkúrẹ́, wọ́n sì fi bàbá rẹ sípò. Níbẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi rán gbogbo yín níwèé, níbẹ̀ ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì kí Ọlọ́run tó pè wọ́n.

Mo ṣì máa ń bi ara mi bóyá àyè náà ì bá má ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn rárá, ká ní mo ti sọ pé "Wọlé" lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Káyọ̀dé, iṣẹ́ ò lè wá ẹni tó fara pamọ́ kàn. Àwọn oníbàárà tó ń wá kó ọjà lọ́dọ̀ rẹ, sọ fún wọn. Àwọn tí ẹ jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, sọ fún wọn. Ẹgbẹ́ rẹ tí ipò rẹ̀ ti ga ju tìrẹ lọ, lọ bá a. Àwọn kan á fi ọ́ ṣẹ̀sín. Jẹ́ kí wọ́n ṣẹ̀sín, kí o kọjá síwájú. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Kí o tó sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn, ṣá, Tinúkẹ́ ló kọ́kọ́ kàn. Ọmọ mi, mi ò ní lè parọ́ fún ìyàwó rẹ bí mo ṣe parọ́ fún Sámúẹ́lì. Tó bá tún bi mí, màá sọ fún un. Mi ò fi halẹ̀ mọ́ ọ. Mo kàn mọ̀ pé agbára irọ́ yẹn ti tán nínú mi. Ṣùgbọ́n ẹnu tìrẹ ló yẹ kó ti gbọ́ ọ. Tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, wàá rí iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ iwájú, àmọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ lè má padà sílé.

Má fi oyin sí i. Má bẹ̀rẹ̀ látorí ìtàn. Sọ pé, "Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ti lé lóṣù kan, ojú ló ń tì mí." Yóò bínú. Kò ní jẹ́ torí iṣẹ́, irọ́ ni yóò bínú sí, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Má ṣe bá a jiyàn, má sì jáde kúrò nílé. Jókòó kó bínú tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jọ wo ohun tó wà nílẹ̀: oúnjẹ, iléèwé Ìní, ilé tí ẹ ń gbé. Tinúkẹ́ ń ránṣọ, ó mọ èèyàn ju bí o ṣe rò lọ. Bóyá ẹgbẹ́ rẹ tí o fẹ́ lọ bá gan-an, Tinúkẹ́ ti ń bá ìyàwó onítọ̀hún ránṣọ. Tí ẹ bá sì rí i pé Ìbàdàn le jù fún ìgbà díẹ̀, ẹ wá sílé. Yàrá wà. Kò sí ẹni tó ń tijú wá sílé ìyá rẹ̀.

Mo ń gbààwẹ̀ fún ọ, mo sì mọ̀ pé Ọlọ́run ń gbọ́. Kó fún ọ ní iṣẹ́ tí wàá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn. Kó jẹ́ kí oorun padà sí ojú rẹ. Kó má ṣe jẹ́ kí ìtìjú gba ohun tí iṣẹ́ ò lè gbà lọ́wọ́ rẹ.

Ọjọ́ Sátidé nìyí bí o ṣe ń ka èyí. Tinúkẹ́ wà nílé. Ó ti rí i pé lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ, ó sì ń rò ó lọ́kàn pé ta ló kọ ọ́. Má tún un kà. Má fi sápò. Dìde, lọ bá a.

Èmi ni, ìyá rẹ.